Ta Ló Dá Àjàyí Mọ̀?

Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú Òṣoògùn, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ọmọkùnrin kan tó tó ọmọ ọdún 13 wà láàrin wọn, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi ọkùnrin kan jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Samuel Crowther ni orúkọ tirẹ̀. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìbéèrè tó kù ni pé: kí ló sọ wọ́n di ẹnì kan náà?

Ẹ wo gbogbo ohun tó ti yí padà. Ara ọmọdé ti di ara àgbàlagbà ẹni nǹkan bí ọdún 55. Ẹ̀sìn ti yí padà. Orúkọ náà yí padà ní ọdún 1825, nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní Sàró tí wọ́n sì fún un ní orúkọ àlùfáà kan ní London. Ipò rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, tí wọ́n tún fi gba tábà àti ọtí nígbà mìíràn, ni wọ́n wá ń kúnlẹ̀ fún. Bí gbogbo èyí bá lè yí padà, kí ló ṣẹ́ kù tí kò yí?

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Locke, ti dáhùn irú ìbéèrè yìí ní ọdún 1694, nígbà tí ó fi orí kan kún ìwé rẹ̀ lórí òye ọmọ ènìyàn. Lójú rẹ̀, kì í ṣe ara ló ń mú kí ènìyàn jẹ́ ẹnì kan náà, kì í sì í ṣe ẹ̀mí. Bí ènìyàn ṣe lè fi ọkàn ara rẹ̀ mọ ohun tó ṣe látẹ̀yìn wá, kí ó sì mọ̀ ọ́n sí tirẹ̀, ló ń mú un jẹ́ ẹnì kan náà. Ó ní bí ẹ̀mí ọmọ ọba, pẹ̀lú gbogbo ohun tó rántí, bá wọ inú ara oníṣọ̀nà bàtà, ọmọ ọba náà ló wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣọ̀nà bàtà ni gbogbo ará àdúgbò yóò máa rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nínú àpẹẹrẹ Locke, ohun tí ará àdúgbò mọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan.

Crowther dà bí ẹni tó wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Locke. Ní ọdún 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan nípa bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú. Ọdún 16 ti kọjá, ó ti di olùkọ́, síbẹ̀ ó ń sọ ìtàn ọmọ Òṣoògùn náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrántí nìkan kì í ṣe òpó tó lágbára. Ní ọdún 1785, Thomas Reid, ará Scotland, ṣàpèjúwe ọmọdé kan tí wọ́n nà nítorí pé ó jí èso. Ọmọ náà dàgbà, ó di ọ̀gá ọmọ ogun, ó ṣì rántí ẹgba náà. Nígbà tó di ọ̀gágun àgbà, ó rántí ìgbà tó jẹ́ ọ̀gá kékeré, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé ẹgba pátápátá. Bí a bá gba ti Locke, ọ̀gágun náà àti ọmọ tí wọ́n nà kì í ṣe ẹnì kan náà mọ́. Ta ni yóò gbà bẹ́ẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ Locke kù sí fara hàn ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846. Ìyá Àjàyí, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, gbọ́ pé ọmọ òun wà nílùú, ó sì wá wò ó. Ó tó ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí ìyá òun rí òun, ṣe ló ń gbọ̀n, kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá. Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń fi kẹ́ ẹ nígbà tó wà ní kékeré, Crowther sì rántí wọn.

Níbí yìí, ìrántí ẹnì kan kò tó. Ìyá ní orúkọ lẹ́nu, ọmọ ní in lọ́kàn, ìgbà tí méjèèjì pàdé ni ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ní ọdún 1848, nígbà tí ìyá náà ṣe ìrìbọmi, orúkọ tí wọ́n fún un ni Hánà, ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì. Orúkọ ọmọ ti yí padà, ti ìyá náà yí tẹ̀ lé e, kí ó lè hàn pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àwa ń lò fún ohun tí Locke ń wá ni ìdánimọ̀. Ẹ tú u wò bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì mofọ́lọ́jì: ì-dá-ẹni-mọ̀. Ẹni tí a ń dá mọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì dájú pé ẹnì kan ló ń dá a mọ̀. Ará àdúgbò tí Locke tì sẹ́yìn wà nínú ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé: àwọn tí kò bá ìyá pàdé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá Crowther dé láti Sàró kò rí ẹbí kankan mọ́, a kò tilẹ̀ tíì dárúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ sí Brazil àti Cuba. Ṣé wọn kì í ṣe ara wọn mọ́ ni? Rárá o. Níbí yìí ni Locke ti wúlò: ohun tí ẹnì kan rántí, àjèjì kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí aláìlẹ́nìkejì á bá olúwa rẹ̀ wọ sàréè. Ohun tí òwò ẹrú fẹ́ pa gan-an nìyẹn: wọ́n mú ènìyàn kúrò níwájú gbogbo ẹni tó lè pè é ní orúkọ.

Iṣẹ́ kù fún wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Freetown, àwọn akọ̀wé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú sínú ìwé ńlá, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti bí wọ́n ṣe ga tó. Bí etí òyìnbó ṣe gbọ́ orúkọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, láìsí àmì ohùn. Àwọn ìwé náà ṣì wà. Ẹni tó mọ̀ pé ẹni tó dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí, tó mọ̀ pé ẹni tó tẹ̀ lé ìbejì ni Ìdòwú, lè ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kí ó sì mọ nǹkan kan nípa ọjọ́ tí wọ́n bí ẹni náà. Bí wọ́n bá tún bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi Yorùbá tí ẹ ń kà ṣe, ẹ sọ fún wọn pé àwọn kan wà nínú ìwé tó ń retí ẹni tí yóò dá wọn mọ̀.