Ìjánu, Ọ́ìlì àti Ẹnu Púlọ́ọ̀gì: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìtọ́jú Alùpùpù Nílé ní Kabala Costain

Yorùbá tí ń gbé ní Kabala Costain, ní ìlú Kàdúná, kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ tí alùpùpù rẹ̀ bá fẹ́ ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ti wá. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé-iṣẹ́ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí yóò ta èròjà fún un a máa pe ọ́ìlì ní baƙin mai, ṣéènì ní sarƙa, bíréèkì ní birki. Bí ó bá sì délé tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá òun di iná mú, Yorùbá ni yóò fi ṣàlàyé ohun tí òun fẹ́ ṣe. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá jẹ́ àdàlù bẹ́ẹ̀, nítorí Costain jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ará Ìlú Ọba kan, tí ibìkan ní Ìgànmú ní Èkó ṣì ń jẹ́ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni Kabala mìíràn tún wà nínú ìlú Kàdúná kan náà tí ń jẹ́ Kabala Doki, doki sì ni àwọn Hausa ń pe ẹṣin. Ẹṣin yìí yóò tún padà wá sínú ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í ṣe tuntun láàárín àwọn onímọ̀ Yorùbá. Ètò tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà, kò lè ṣàì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìwé èdè-ìperí tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1990 wà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Yàrá ìkàwé ni a ṣe irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn fún, níbi tí olùkọ́ ti wà láti ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi tú ẹ́ńjìnnì ní ẹ̀yìnkùlé kò ní olùkọ́ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ó bá sì ṣi ènìyàn lọ́nà, ẹ̀rọ ni yóò bàjẹ́. Nítorí náà ìlànà tí ó yẹ kí a tẹ̀ lé ni pé kí orúkọ èròjà máa jẹ́ bí mẹkáníìkì ṣe ń pè é, kí ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé, níwọ̀n ìgbà tí èdè náà ti ní wọn lọ́pọ̀ yanturu, kí a má sì dá orúkọ tuntun sílẹ̀ àfi níbi tí ọ̀rọ̀ tí ó wà ńlẹ̀ bá lè mú ọwọ́ ṣìṣe.

Orúkọ ẹ̀rọ náà ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Alùpùpù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ó dùn jù lọ tí Yorùbá fi ìró dá, ohun tí ń lu pùpù, ó sì bá ohùn ẹ́ńjìnnì kékeré mu ju bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe lè ronú rẹ̀ lọ. Ọ̀kadà wá láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tí Gabriel Igbinedion fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ. Iṣẹ́ agbérò ni ó kọ́kọ́ dúró fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi í pe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan náà ni Hausa ṣe láàárín achaba, tí í ṣe iṣẹ́, àti babur, tí í ṣe ẹ̀rọ. Ìyàtọ̀ yìí sì ní agbára òfin ní Kàdúná: nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de achaba ní ọdún 2014, iṣẹ́ agbérò ni wọ́n dá dúró, ṣùgbọ́n òfin tí ètò ààbò mú wá ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 kò ya agbérò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń gun ti ara rẹ̀. Ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ tirẹ̀ nílé kì í ṣe ọlọ́kadà, ìwé tí a bá sì kọ fún un, alùpùpù ni kí ó máa sọ.

Ohun tí ó fẹ́ ṣe sí ẹ̀rọ náà ńkọ́? Sáfíìsì ni gbogbo ayé ń pè é. Àtúnṣe kò bá a mu, torí pé ohun tí ó ti bàjẹ́ ni à ń tún ṣe, nígbà tí a ń ṣe sáfíìsì kí nǹkan má baà bàjẹ́ rárá. Ìtọ́jú ló yẹ, ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún aláìsàn àti ọmọ ọwọ́. Bí a bá fi òòrèkóòrè kún un, ó di ìtọ́jú òòrèkóòrè, kò sì sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé ohun tí à ń ṣe léraléra ni.

Ẹṣin ni ó ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún alùpùpù nínú gírámà Yorùbá. Ọkọ̀ ni à ń wà, ṣùgbọ́n ẹṣin, kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ni à ń gùn. Ìjánu tí a fi ń dá ẹṣin dúró ti di ìjánu kẹ̀kẹ́ tipẹ́, kò sì sí ìdí tí kò fi yẹ kí ó di ìjánu alùpùpù nínú ìwé, pẹ̀lú bíréèkì tí ẹnu ti mọ́: ìjánu ọwọ́ fún táyà iwájú, ìjánu ẹsẹ̀ fún ti ẹ̀yìn. Gàárì náà lè jókòó sípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni àfiwé náà sì parí sí. Honda Super Cub, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Japan ní ọdún 1958, tí àwọn irú rẹ̀ bíi C70 sì gbajúmọ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà, kò fún ẹni tí ń gùn ún ní ìfà kílọ́ọ̀ṣì kankan lọ́wọ́, nítorí ẹ̀rọ náà ń ṣe é fúnra rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò bá a pàdé. Ohun tí ọwọ́ kò bá pàdé kì í tètè ní orúkọ lẹ́nu àwọn tí ń lò ó.

Ibi tí ewu wà jù lọ ni ọ̀rọ̀ epo. Epo ni Yorùbá ń pe epo pupa, epo náà ni ó ń pe èyí tí a ń dà sínú táńkì, bí ìwé kan bá sì kọ ọ́ pé kí a da epo nù kí a sì rọ tuntun sí i, ẹni tí ó bá ṣe é bí a ṣe kọ ọ́ lè sọ táńkì rẹ̀ di òfìfo láìfọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Hausa fi àwọ̀ yanjú ọ̀rọ̀ náà, ó pe ti ẹ́ńjìnnì ní baƙin mai, èyíinì ni òróró dúdú. Ẹnìkan lè ní kí Yorùbá náà máa pè é ní epo dúdú, àmọ́ orúkọ náà kò ní pẹ́ tí yóò fi purọ́: ọ́ìlì tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ike rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí oyin, lílò ni ó ń sọ ọ́ di dúdú, tí epo dúdú bá sì jẹ́ orúkọ èyí tí ó dára, kí ni a ó pe èyí tí ó ti bàjẹ́? Fún èyí tí ó ti bàjẹ́, àwọn ènìyàn ti ní orúkọ tí ó kún ojú ìwọ̀n, kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ohun tí a ti dá lẹ́bi, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sì máa ń fi kun pákó kí ikán má baà jẹ ẹ́. Nítorí náà ọ́ìlì fún tuntun, kọ́ńdẹ́ẹ̀mù fún èyí tí a dà nù, epo fún táńkì. Ọ̀rọ̀ àyálò méjì yìí ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ kan kò lè dá ṣe. Nọ́ńbà tí ó wà lára ike náà, irú bíi 20W-50, kò nílò ìtumọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ń fi Yorùbá kà á níwájú ẹni tí ń tà á.

Asẹ́ yàtọ̀. Mẹkáníìkì ń sọ fílítà, ṣùgbọ́n asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì ti wà nílé gbogbo ènìyàn, ó sì ń sọ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀: ohun tí ó bá ti dí kò lè sẹ́ nǹkan mọ́. Ní Kàdúná, tí ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, asẹ́ atẹ́gùn ni ìtọ́jú rẹ̀ gba àkíyèsí jù, ẹ́ńjìnnì tí kò rí atẹ́gùn fà dáadáa a sì máa jẹ epo láìní agbára. Asẹ́ ògì, ẹ̀wẹ̀, lè tan ènìyàn, nítorí omi ni a fi ń fọ̀ ọ́: asẹ́ onífóòmù ṣe é fi ọṣẹ fọ̀, kí a fún un gbẹ, kí a sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á kí ó lè mú eruku, ṣùgbọ́n asẹ́ oníbébà tí omi bá kàn ti parí, ṣe ni a máa ń gbọn eruku rẹ̀ tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. Asẹ́ onífóòmù tàbí asẹ́ oníbébà ni ìwé gbọ́dọ̀ máa sọ, kò gbọdọ̀ sọ asẹ́ nìkan.

Púlọ́ọ̀gì ni kí ó máa jẹ́ púlọ́ọ̀gì. Ìṣáná ì bá bá a mu, nítorí ó ń ṣá iná ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣáná ti di ti páálí tí ó wà nínú ilé ìdáná; ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ nìkan ni a lè yá, pé púlọ́ọ̀gì kò ṣáná mọ́. Àlàfo tí iná ń fò kọjá, ẹnu ni ó yẹ kí a pè é, torí pé à ń là á, à ń pa á dé: nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, ẹnu yìí kì í ju mílímítà 0.6 sí 0.7 lọ, àwọn irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n tò léra bí ojú-ewé ìwé, sì lè máa jẹ́ ewé ìwọ̀n. Àwọ̀ imú púlọ́ọ̀gì ni ó ń sọ ìròyìn inú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá dà bí èèpo ẹ̀pà gbígbẹ, ara ẹ̀rọ le. Bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò tí dúdú náà sì gbẹ, epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, kí a wo asẹ́. Bí ó bá funfun bí ẹfun, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù. Bí dúdú rẹ̀ bá sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ni ó ń wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀, iṣẹ́ náà sì ti kúrò ní ti ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀wọ̀n ni Yorùbá ń pe ṣéènì látijọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n náà ni ọgbà tí a ń ti ènìyàn mọ́, ẹni tí a bá sì sọ fún pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti dẹ̀ lè kọ́kọ́ dúpẹ́. Ṣéènì ni kí a mú. Àárín rẹ̀, bí a bá fi ìka gbé e sókè sílẹ̀, ó yẹ kí ó mì tó mílímítà 20 sí 30. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ṣe pàtàkì níbí: bí a bá fẹ́ fún ṣéènì tí ó dẹ̀, nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn ni a ó dẹ̀, a kò ní tú u, nítorí ohun tí a bá dẹ̀ ṣì wà nípò, ohun tí a bá tú ti kúrò, bí ẹran tí a tú lókùn. Bákan náà ni a ń fi ọwọ́ de bóòtù kí a tó fi sípánà fún un. Èdè kan tí ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ báyìí kò nílò kí a máa sọ lúùsì àti táítì fún un.

Ó ku ẹni tí ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kí o tú u, ọmọ iṣẹ́ a sì máa sọ fún oníbàárà pé ẹ tú u. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nílé jẹ́ ọmọ iṣẹ́ àti oníbàárà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ bàbá àgbà. *A* ló bá gbogbo wọn mu, tí kò gbé ẹnikẹ́ni ga, tí kò sì rẹ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, báyìí sì ni ìtọ́sọ́nà kan yóò ṣe rí:

A ó tan alùpùpù fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọ́ìlì lè gbóná kí ó sì ṣàn, a ó pa á, a ó sì gbé e dúró ní ibi tí ilẹ̀ tẹ́jú. A ó gbé abọ́ sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, a ó tú bóòtù ìdí rẹ̀, a ó jẹ́ kí kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kán tán, a ó sì rọ ọ́ sínú ike, a kò ní dà á sí gọ́tà. A ó de bóòtù náà padà, a ó fún un níwọ̀n, a ó rọ ọ́ìlì tuntun tí ìwé ẹ̀rọ sọ, tí ó máa ń tó bíi lítà kan, a ó sì fi gééjì wò ó.

Ìtọ́sọ́nà yìí fo ohun kékeré kan, òrùka pẹlẹbẹ tí ó wà láàárín bóòtù ìdí àti ara ẹ́ńjìnnì, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Òrùka ni orúkọ tí ojú rí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n rìngì ni wọ́n ń pe òrùka tí ó wà lára písítìn, ẹni tí ó bá sì dé ìsọ̀ tí ó béèrè òrùka ẹ́ńjìnnì, ohun mìíràn pátápátá, tí ó sì wọ́n ju èyí lọ, ni wọn yóò gbé lé e lọ́wọ́. Wáṣà ni mẹkáníìkì ń pè é. Wáṣà ni ìwé náà yóò kọ.