Nígbà Tí Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì Tì: Ẹ̀kọ́ Ọdún 1918 fún Ìjọ Ìkòròdú

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni èrò ti máa ń kún Gáréèjì Ìkòròdú, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó. Ọmọ ìjọ wa pọ̀ nínú wọn. Lẹ́nu irú wọn ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Pásítọ̀, mò ń gbàdúrà nínú ọkọ̀, mo sì ń gbọ́ ìwàásù lórí fóònù. Kí ni mo tún fẹ́ wá ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì?" Kò yẹ kí a fi ìbínú dá wọn lóhùn, kò sì yẹ kí a sọ Hébérù 10:25 di pàṣán. Àwọn tó ṣáájú wa bá ìbéèrè yìí pàdé. Ibi tí wọ́n ti bá a pàdé kò sì jìnnà: Ìjẹ̀bú-Òde ni, ìlú tí ọ̀nà Ìtòìkín ń gbé ni lọ láti Ìkòròdú.

Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú gba orí omi wọ Èkó, ó sì tàn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn pa. Ní àkókò yẹn gan-an ni àwọn díẹ̀ láti inú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, tí J. B. Sadare ṣíwájú wọn, ń pàdé láti gbàdúrà. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, Sophia Ọdúnlámì, wà lára wọn. Ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run wo òun sàn, ó sì ń kéde ìwòsàn nípa àdúrà àti omi òjò. Àwọn ni a wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Bí wọ́n bá jókòó sílé nígbà náà, kò sẹ́ni tí ì bá bá wọn wí. Síbẹ̀, wọ́n pàdé nítorí pé àwọn aláìsàn wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ìlànà ìjọ wò. Wọn kò fara mọ́ ìsàmì ọmọ ọwọ́, wọ́n sì kọ oògùn lílò. Ọ̀rọ̀ náà mú kí wọ́n fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀ ní ọdún 1922. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn rí níhìn-ín ni pé ìlànà ni wọ́n kọ̀, wọn kò kọ ìpéjọ.

Wọ́n tilẹ̀ dán ìjọ ọ̀nà jíjìn wò. David Odùbánjọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di ara Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Nípa lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ni wọ́n fi mọ ara wọn. Wọ́n rí ẹ̀kọ́ gbà, ṣùgbọ́n kí ọdún 1930 tó dé, àjọṣe náà ti dàrú. Nígbà tí wọ́n kọ̀wé sí ìjọ Àpọ́sítélì ní Bìrìtìkó, wọn kò ní kí wọ́n kàn máa fi ìwé ránṣẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n wá. Ní ọdún 1931, àwọn míṣọ́nnárì náà gúnlẹ̀ sí Èkó.

Ní ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹnu iṣẹ́ ọ̀nà ló wà ní ọdún 1928 nígbà tí ẹ̀rọ tó fi ń tẹ ọ̀nà kọ̀ṣẹ́, tó sì gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Bí ẹnì kan bá lè sọ pé òun bá Ọlọ́run pàdé láìsí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni. Síbẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ará, wọ́n sì rì í bọmi ní ọ̀sà Èkó ní ọdún 1929. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní oṣù Keje ọdún 1930, àárín ọ̀pọ̀ èrò ló ti ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2020, nítorí kòrónà, ilẹ̀kùn ilé ìsìn tún tì l'Ékòó láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹjọ. Fóònù wá di ohun tí lẹ́tà Philadelphia jẹ́ fún àwọn bàbá wa: ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í gbé ọwọ́ lé aláìsàn lórí. Ìdáhùn kan nìyẹn fún ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù nínú ọkọ̀.

Àmọ́, ìtàn yìí bá àwa òjíṣẹ́ náà wí. Àwa náà ti ní ìlànà tiwa: òróró, ìṣọ́ òru, ètò oríṣiríṣi láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ń bi wá pé níbo ni Ìwé Mímọ́ ti pàṣẹ wọn, ohun tí Sadare ṣe ló ń ṣe. Kì í ṣe apẹ̀yìndà. A kò gbọdọ̀ fi ìpéjọ gbèjà gbogbo ètò wa, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Fún ẹni tó ń jáde nílé ní òwúrọ̀ kùtù, tó sì ń wọlé lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ètò ọ̀sẹ̀ dín kù, kí ìpàdé inú ilé sì súnmọ́ àdúgbò rẹ̀. Bí kò bá sì wá ní ọjọ́ ìsinmi, ká tó bi í léèrè ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè bóyá ẹnì kan nínú ìjọ tilẹ̀ mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá.