Ta Ló Yan Ìwé Tí A Ń Kà?

Ní ọdún tí mo ń múra ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, bàbá àgbà mi rán mi lọ sí ilé ìkàwé ìlú wa pé kí n bá òun yá ìwé pẹlẹbẹ kan. Tíṣà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ló kọ ọ́: ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú wa dó, oríkì àwọn ọba tó ti jẹ, àti bí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣe gba orúkọ rẹ̀. Bàbá ní òun fi ọwọ́ ara òun gbé ẹ̀dà kan fún ilé ìkàwé náà nígbà tí tíṣà ṣì wà láyé. Mo wá ìwé yìí títí, n kò rí i. Ohun tí mo rí ni pẹpẹ mẹ́ta tó kún fún ìwé owó orí orílẹ̀-èdè mìíràn, àti ìwé ìlò irú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́.

Ìyá àgbàlagbà kan ni olùtọ́jú ibẹ̀. Wọ́n ṣí rẹ́jísítà, wọ́n nàka sí orúkọ ìwé náà, mo sì rí i pé wọ́n ti fi bírò pupa fa ilà gbà á kọjá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ti yọ ọ́ kúrò." Ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ọdún mọ́kànlá sì ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò yá a. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ń wá àyè fún àwọn páálí ìwé tí wọ́n fi ta ilé ìkàwé lọ́rẹ láti òkè òkun. Inú bí mi. Mo bi wọ́n pé, "Ta ló ní kí ẹ yọ ọ́, mà?" Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Èmi ni. Iṣẹ́ mi ni."

Ìdáhùn yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìtàn àwọn ilé ìkàwé. Mo rí i pé kò sí ilé ìkàwé tí kì í yan ìwé. Owó níwọ̀n, àyè níwọ̀n. Olùtọ́jú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ wo àwọn tó ń gbé ìlú, ohun tí wọ́n ń béèrè, àti ohun tí ilé ẹ̀kọ́ nílò, kó tó ra ìwé tàbí kó tó gba ọrẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò lu òǹtẹ̀ sí i, tí yóò fún un ní nọ́ńbà. Láti ìgbà dé ìgbà, yóò tún yẹ pẹpẹ wò, yóò sì yọ èyí tó ti ya tàbí èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tọ̀nà mọ́. Ìwé ìṣègùn tó ti pẹ́ jù lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Àgbẹ̀ tí kò bá ro oko, koríko ni yóò kórè. Nítorí náà, ìyá yẹn kò ṣẹ̀ ní ti pé wọ́n yọ ìwé. Ojú tí a fi ń wo ìwé kí a tó yọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Harlem, ní New York, ládùúgbò àwọn adúláwọ̀, tí wọ́n kó baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́rú láti Áfíríkà. Arthur Schomburg, adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní Puerto Rico ní 1874, ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan ní ìlú New York. Wọ́n ní nígbà tó wà lọ́mọdé, tíṣà rẹ̀ kan sọ fún un pé àwọn aláwọ̀ dúdú kò ní ìtàn. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìwé, lẹ́tà àti àwòrán tó jẹ mọ́ àwọn adúláwọ̀ kiri. Ní 1925, ẹ̀ka ilé ìkàwé gbogbogbò tó wà ní òpópónà 135 ya apá kan sọ́tọ̀ fún ìwé àti ìtàn adúláwọ̀. Ernestine Rose, obìnrin aláwọ̀ funfun tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, rí i pé àwọn tó ń wá kàwé ti yí padà, ó sì gbà pé ó yẹ kí pẹpẹ ìwé náà yí padà. Ní 1926, Carnegie Corporation san 10,000 dọ́là fún àkójọ Schomburg, wọ́n sì fi ta ilé ìkàwé náà lọ́rẹ. Ìwé inú rẹ̀ lé ní 5,000.

Carnegie kan náà ló fi owó ran Lagos Library lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó ní 1932. Àmọ́ owó ni èèyàn ń san kó tó lè yá ìwé níbẹ̀, àwọn òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lò ó. Orísun owó kan náà, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó di 1946 kí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ British Council, tó ṣí ilé ìkàwé fún gbogbo ará ìlú.

Àwọn tiwa náà kò káwọ́ gbera. Henry Carr, ọmọ Èkó tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà nínú ètò ẹ̀kọ́, kó ìwé tó tó 18,000 jọ sílé rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú ní 1945, ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì wà lára ìwé tí ilé ìkàwé University College, Ìbàdàn, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948. Nígbà tó di 1970, òfin National Library pa á láṣẹ pé kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ síbẹ̀. Tíṣà ìlú wa, tó tẹ ìwé rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́bàá ọjà, kò fi ẹyọ kan ránṣẹ́. Ẹ̀dà tí ikán jẹ yẹn nìkan la mọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ìwé tí a lè rí rà lọ́jà, bí a bá yọ ọ́ lónìí, a lè rà á lọ́la. Ìwé tó jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo kò rí bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí a fi iye ìgbà tí wọ́n yá a nìkan díwọ̀n rẹ̀. Mo padà lọ sọ èyí fún ìyá náà. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n wá ní, "Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá, ọmọ mi. Níbo ni ẹ wà?"

N kò rí èsì fọ̀. Àwa òǹkàwé náà ń yan ìwé: èyí tí a kò béèrè, a ti dìbò pé kí wọ́n gbé e sọnù.

Mo jókòó ti bàbá àgbà, mo ń kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Orúkọ àdúgbò mẹ́rin péré ni wọ́n rántí ìtàn rẹ̀. Mo tẹ ohun tí a rí, mo sì di í ní ẹ̀dà márùn-ún. Ìyá náà gba méjì, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà lójú mi. Lọ́dọọdún, mo máa ń lọ yá a lẹ́ẹ̀kan, kí òǹtẹ̀ tuntun lè wà nínú rẹ̀.