Láti Ìwọ̀fà dé NELFUND: Ṣé Òbí Wa Mọ Ohun Tí A Ń Yá?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò sí bánkì. Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó ni èlé. Ojú owó kò ní dín títí wọn ó fi san án tán. Èmi kò yin àṣà náà o, ìyà pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ máa ń wà níbẹ̀, ẹni tó yá owó sì mọ iye tó jẹ àti ohun tó máa tú u sílẹ̀.

Ní January 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. "Ọ̀fẹ́" kò nílò ògbufọ̀. Ti yunifásítì ló di àdììtú. Òfin ológun 1972 dá àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó sílẹ̀, Nigerian Students Loans Board. Nígbà tó di 1977, ìjọba ní àwọn ti fagi lé owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ọdún kejì, owó oúnjẹ àti ilé gbígbé gbẹ́nu sókè, rògbòdìyàn "Ali Must Go" sì bẹ́ sílẹ̀ ní April 1978. Lójú tèmi, ara ohun tó bí àwọn èèyàn nínú ni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbọ́; ta ló sọ fún wọn pé oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀?

Àjọ ayánilówó náà kò rí púpọ̀ gbà padà lọ́wọ́ àwọn tó yá. Ọ̀pọ̀ ló kà á sí ìpín tiwọn nínú owó epo. Òfin 1993 fi báńkì ẹ̀kọ́ rọ́pò rẹ̀, ìyẹn náà kò sì débì kan.

Lẹ́yìn náà ni 12 June 2023 dé, ọjọ́ tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Òfin yẹn ní ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá tó ₦500,000 ni ọmọ rẹ̀ lè yá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù nígbà náà jẹ́ ₦30,000. Bí bàbá àti ìyá bá jọ ń gba iye yẹn, ₦720,000 ni lọ́dún, wọ́n ti "lówó jù" nìyẹn! Ó tún fẹ́ onígbọ̀wọ́ méjì, irú bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipele 12 tàbí lọ́yà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ní Lotto, níbi tí èèyàn ti ń jí láago mẹ́rin kí ọkọ̀ Èkó má baà fi í sílẹ̀, ibo lèèyàn yóò ti rí àwọn yẹn?

Ní 3 April 2024, òfin tuntun yọ gègélé owó ìdílé àti onígbọ̀wọ́ kúrò. Ó dára. NELFUND ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba ₦20,000 lóṣooṣù fún ìjẹun. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ẹ̀bùn ni ₦20,000 yẹn. Gbèsè ni. Bí wọ́n bá ń san án ní oṣù méjìlá gbáko, ₦240,000 ni lọ́dún, ₦960,000 ní ọdún mẹ́rin, ká má tíì ka owó ilé-ìwé. Kò ní èlé, òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló yà á sọ́tọ̀ sí ti ìwọ̀fà. Lẹ́yìn ọdún méjì tí èèyàn bá parí NYSC, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ. Ẹni tí kò bá ríṣẹ́ lè fi ìwé ìbúra sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè sún un síwájú.

Ohun mìíràn tí rédíò kì í ṣàlàyé: ilé-ìwé ìjọba nìkan ni. Ọmọ Lotto tó wà ní FUNAAB tàbí OOU lè yá. Èyí tó wà ní Mountain Top lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó sún mọ́lé jù, kò lè yá kọ́bọ̀.

Ní 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ pariwo pé àwọn ilé-ìwé kan gba owó tí wọn kò sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ni gbèsè náà. Ẹ rò ó wò: èèyàn ń jẹ gbèsè tí kò mọ̀ pé wọ́n ti san! Àwọn mìíràn ti san owó ara wọn kí ti ẹ̀yáwó tó dé, wọ́n wá ń lé owó ìdápadà kiri ọ́fíìsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bá àbúrò yín kọ fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ sórí bébà ní Yorùbá fún bàbá àti ìyá rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi í ránṣẹ́: iye tó máa lọ sí ilé-ìwé, iye tó máa bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, àròpọ̀ rẹ̀ ní ọdún ìkẹyìn, àti ọdún tí sísan máa bẹ̀rẹ̀.