Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ figbe ta

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú, ti àgbà ni. Mo ní kí n rán wa létí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1989, ó ti lé ní ọdún 16 tí Kérékou ti ń ṣèjọba. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà. Àwọn báǹkì ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Abomey-Calavi kò rí bourse wọn gbà, ni wọ́n bá kọ kíláàsì sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tí kò rí owó oṣù gbà náà daṣẹ́ sílẹ̀.

Ìbọn kọ́ ló parí rẹ̀. Láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ọdún 1990, wọ́n jókòó ṣe Conférence Nationale ní Kútọnu, Mgr Isidore de Souza ni alága. Ọmọdé ni mí, mo rántí bí àwọn àgbà ṣe yí rédíò ká. Wọ́n jiyàn títí, wọ́n fẹnu kò, Kérékou sì gbà. Òfin tuntun tí ará ìlú dìbò fún lóṣù kejìlá ọdún náà ló ní kí ẹni tó bá ti pé ọdún 18 máa dìbò. Ní 1991, ìbò gbé Soglo wọlé, Kérékou sì lọ ní ìrọ̀rùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn ẹgbẹ́ yín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Calavi nígbà náà, ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn.