Àpótí Rédíógíráàmù Tó Di Kọ́bọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ àwọn àgbà kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wo àpótí igi gbọọrọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n gbé tẹlifíṣàn lé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rédíógíráàmù nígbà kan rí. Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ife àlejò ló wà níbẹ̀ báyìí.

N kò dá káfíńtà lẹ́bi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe gíramafóònù ti fẹ́ kó jọ ohun èlò ilé. Ní 1906, ilé-iṣẹ́ Victor ní Amẹ́ríkà gbé Victrola jáde: wọ́n fi fèrè ńlá tí ohùn ń gbà jáde pamọ́ sínú àpótí onílẹ̀kùn. Nígbà tó yá, kásẹ́ẹ̀tì tí Philips gbé jáde ní 1963 dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ kú, igi kò kú.

Àwọn àwo orin ló ń dùn mí. Ní 1922, Zonophone gba orin ìsìn Yorùbá 43 sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́nu Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá. Oje kòkòrò ni wọ́n fi ń ṣe àwo ìgbà náà. Bó bá jábọ́, ó fọ́ nìyẹn. Ọ̀yọ́ tó ní arọ́kin láàfin mọ iyì ohùn tí a pa mọ́, síbẹ̀ ẹni tó ń wá àyè fún ife kì í bèèrè ohùn ẹni tó wà lára àwo dúdú.

Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ nínú àpótí, ẹ nù ún, ẹ tò ó ní òòró, kí ẹ tó pe káfíńtà.