Ẹni Òrìṣà: Ìtàn Orúkọ Kan àti Ojúṣe Àwa Ọmọ Awo

Ọ̀rọ̀ mi lọ́dún yìí dá lórí àwọn tí ìran wa ń pè ní ẹni òrìṣà: afín, abuké, arọ, aràrá, àti àwọn àkàndá ẹ̀dá yòókù. Orúkọ ńlá ni. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò bí orúkọ náà ṣe dé ọwọ́ wa, àti ohun tí ó kù kí a fi ṣe.

Gbogbo wa mọ ìtàn náà. Olódùmarè fi mímọ ara ènìyàn lé Ọbàtálá lọ́wọ́, ó sì fi mímí ẹ̀mí sí ara náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan Ọbàtálá mu ẹmu, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró bí ti àtẹ̀yìnwá, àwọn tí ó mọ lọ́jọ́ náà sì yàtọ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, kò fọ́ amọ̀ náà, kò sì sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní tòun ni wọ́n, ó sì sọ ẹmu di èèwọ̀ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn olùsìn rẹ̀ títí di òní. Àwọn kan a máa dúró sórí ẹmu bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, wọn a sì pe ẹni òrìṣà ní àṣìṣe. Wọ́n gbàgbé ìdajì rẹ̀. Olódùmarè kò mí ẹ̀mí kékeré sí abuké, kí ó mí ńlá sí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Orí tí oníkálukú sì yàn, a kì í fi ara wọ̀n ọ́n.

Ìtàn yìí kò mọ sí ẹnu àwa awo nìkan. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Òrìṣàńlá ni ó ni afín, aràrá, arọ àti abuké, pé ẹni òrìṣà ni wọ́n ń jẹ́. Ọmọlẹ́yìn Kírísítì ni. Kò ní ìdí láti pọ́n wa lé. Bákan náà, lára àwọn ère amọ̀ tí a hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500, a rí orí ọba tí ó dán, a sì rí ara tí àrùn wú. Amọ̀ ni àwọn àgbà Ifẹ̀ fi mọ méjèèjì.

Nínú ilé Ifá gan-an, ta ni ó ń fún wa ní ewé? Ọ̀sanyìn ni. Ojú kan, ọwọ́ kan, ẹsẹ̀ kan ni ìtàn fi fún un. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì gbé ìrísí yìí kọjá òkun, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀. Babaláwo tí ó bá ti arọ sẹ́yìn ní ẹnu ọ̀nà, tí ó wọlé lọ gún ewé, kí ó ro ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kò dùn délẹ̀. Orúkọ tí ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ fún òrìṣà lè yà á kúrò láàárín ènìyàn. A ń bọ̀wọ̀ fún ẹni òrìṣà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kò fẹ́ kí ọmọ wa fẹ́ ẹ, a kì í sì í pè é sí ìgbìmọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn ọ̀daràn ṣì ń pa abuké nítorí iké ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n a sì ní babaláwo ni ó bèèrè rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ wa má fi ọ̀kan pe méjì níbí: ẹni tí ó bá bèèrè ẹ̀yà ara ènìyàn kì í ṣe awo, apànìyàn ni. Kí a má ṣe bò ó. Kí a fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Àwọn kan a máa béèrè pé, báwo ni afọ́jú yóò ṣe kọ́ Ifá? Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, kò sí ìwé láàárín èmi àti olúwo mi. Ó ń sọ, mo ń gbà á sọ, títí ó fi wọ inú. Etí àti iyè ni odù 256 ń gbé. Ọwọ́ ni ó ń mọ̀ bóyá ikin kan ni ó ṣẹ́ kù kí a tẹ méjì, tàbí méjì kí a tẹ ẹyọ kan. Ìka lè mọ ipa tí a tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn, ó sì lè mọ inú ọ̀pẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ti adití le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohùn ni ẹ̀kọ́ wa. Síbẹ̀, ní 1960, Andrew Foster, oníwàásù ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwa tí a ń fi àrokò ránṣẹ́, tí a ń fi ìlù sọ̀rọ̀, kí ni ó dè wá lọ́wọ́ tí a kò kọ́ èdè ọwọ́?

Òfin orílẹ̀-èdè wa pàápàá ti ṣáájú wa. Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fi ọdún 5 sílẹ̀ kí àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ lè ní ọ̀nà tí arọ lè gbà. Ọdún náà ti pé ní 2024. Láti 2005 ni àjọ UNESCO ti kéde Ifá ní ogún gbogbo ayé. Bí a bá gbé ogún gbogbo ayé sórí òkè tí arọ kò lè gùn, ta ni a fi ogún náà dù?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fi lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Kí gbogbo ilé Ifá ní ọ̀nà àbáwọlé tí kò ní àtẹ̀gùn. Kí a gba ọmọ tí ó jẹ́ àkàndá sẹ́nu ẹ̀kọ́ awo, kí a sì tẹ̀ ẹ́ nífá bí Ifá bá gbà á, láìfi ara rẹ̀ ṣe ìdènà. Kí a wá ògbufọ̀ èdè ọwọ́ fún ọdún Ifá tí ń bọ̀. Ọbàtálá kò sẹ́ wọn. Kí àwa náà má ṣe sẹ́ wọn.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.